Ilẹ̀kùn Búlúù Tí Kò Ṣí

Orí àkàbà ló wà nígbà tí obìnrin náà kọ́kọ́ rí i. Fìlà tó fi ìwé ìròyìn àná ṣe wà lórí rẹ̀, ọ̀dà funfun ti ta sí i létí, ó ń súfèé bí ẹni tó ni gbogbo àdúgbò. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún yín, obìnrin náà ò rí fìlà, kò rí etí. Búrọ́ọ̀ṣì ló rí, àti ògiri tí búrọ́ọ̀ṣì náà fẹ́ bà.

"Yéè! Ẹ dúró! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè yẹn, ẹ dúró!"

Ó ki eré mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn bí ogún tó ń tẹ̀ lé e náà ki eré mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sá fún. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé, ó ti fi ọwọ́ méjèèjì gbá ẹsẹ̀ àkàbà mú, ó ń mì í.

"Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́ o! Èmi nìkan ni ìyá mi bí!"

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó wà lára ògiri yẹn? Ìlà mọ́kànlélógójì ni! Búlúù ìfọṣọ ni àwọn alágbàfọ̀ fi fà á, ìlà kan fún ọjọ́ kan, gbogbo ọjọ́ tí wọ́n fi yanṣẹ́ lódì. Ó ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́ta tó ti wà níbẹ̀, ẹ wá fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì ẹyọ kan pa á rẹ́!"

"Méjìlélógójì ni," ni pẹ́ńtà náà wí.

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìlà náà. Méjìlélógójì ni. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọ̀dà yẹ́lò àtijọ́ lápá ọ̀tún. Èmi ni mo họ ọ́ jáde láàárọ̀ yìí."

Ó fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí àkàbà kí wọ́n lè rí i. Ó ti kun ògiri náà láti òkè délẹ̀, funfun báláú, àmọ́ ó fi bébà alẹ̀mọ́ yí àwọn ìlà búlúù náà ká ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí ẹni fi férémù sí fọ́tò bàbá rẹ̀. Kò sí ẹ̀kán ọ̀dà kan tó kán sí wọn lára.

"Ọ̀gá mi ní kí n kun gbogbo ẹ̀," ló wí. "Mo ní ọ̀dà ò ní mú níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa."

Ogún èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin náà jọ̀wọ́ àkàbà díẹ̀díẹ̀. Ojú ń tì í, inú rẹ̀ sì ń dùn, kò mọ èyí tí ì bá fi hàn nínú méjèèjì. Ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ mọ́kànlélógójì fún aráyé.

"Ẹ kú iṣẹ́," ló wí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Ẹ kú àkàbà mímì," ni ọkùnrin náà dáhùn.

Ẹ jẹ́ n sọ ẹni tí obìnrin yìí jẹ́ fún yín. Tíṣà ìtàn ni nílé ẹ̀kọ́ girama, láti Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ ọ́ ní Afẹsẹ̀rìn, nítorí kì í wọkọ̀. Ó ní ẹni tó bá wọkọ̀ la ìlú kọjá ò tíì rí ìlú. Tó bá wá di Sátidé, á kó ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e, wọn á fẹsẹ̀ rin gbogbo ibi tí àwọn alágbàfọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn atẹ̀wé ti bá àwọn aláṣẹ wọ̀yá ìjà lọ́dún tí ìlú gbóná. Ìrìn Àwọn Tó Kọ̀ ló pè é. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn ilé ìwé, òun nìkan ló padà wá síbi ògiri. Ó ní òun fẹ́ ka ìlà náà dáadáa. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, ta ló ń fi wákàtí méjì ka ìlà méjìlélógójì?

Pẹ́ńtà ò bi í léèrè. Ó kàn dojú korobá kan dé, ó nu ìdí rẹ̀, ó ní kó jókòó. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ tó fi ń họ ọ̀dà, ó họ ibì kan tí kò tó èékánná lára ògiri.

"Ẹ wò ó. Funfun, tèmi nìyẹn. Lábẹ́ ẹ̀, yẹ́lò. Lábẹ́ ìyẹn, àwọ̀ ewé. Lábẹ́ ẹ̀, yẹ́lò mìíràn. Ògiri kì í gbàgbé, arábìnrin. Èèyàn ló ń gbàgbé."

"Ta ló kọ́ yín nírú ọ̀rọ̀ báyìí?"

"Iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ ìdílé wa ni. Bàbá àgbà mi ló fi lélẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ọ̀dà á pò tó o nílùú yìí nígbà ayé ẹ̀. Mi ò bá a láyé."

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, "ẹ" ti di "o", "arábìnrin" ti di "Tíṣà mi". Ibikíbi tí ọkùnrin náà bá ti ń kunlé, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń gbé Afẹsẹ̀rìn lọ nírọ̀lẹ́, wọn á sì jọ rìn. Obìnrin náà mú un lọ wo ilé ìtẹ̀wé àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ìléwọ́ ní bòókẹ́lẹ́ kí ìyanṣẹ́lódì tó bẹ̀rẹ̀.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń kó o jáde?" ni pẹ́ńtà bi í. "Ṣebí ọlọ́pàá wà lẹ́nu ọ̀nà."

"Nínú ṣẹ́ẹ̀tì!" Ojú obìnrin náà ń dán. "Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ìlú, ta ló ń fọṣọ wọn? Àwọn alágbàfọ̀ ni. Wọ́n á lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn tán, wọ́n á ki ìwé ìléwọ́ sí i lápò àyà. Àwọn ọ̀gá ló ń fúnra wọn gbé e kiri ìlú, ọlọ́pàá ń kí wọn! Lọ́jọ́ kan, olórí ìgbìmọ̀ dìde láti sọ̀rọ̀, ó kọwọ́ bàpò, ó fa ìwé yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè: 'Àwa alágbàfọ̀ ìlú yìí ò fọ̀ mọ́! Ẹ fọwọ́ yín fọ ìdọ̀tí yín!' Ó ka odidi ìlà mẹ́ta kó tó mọ ohun tó ń kà."

Pẹ́ńtà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. "Irọ́ lò ń pa!"

"Òótọ́ ni! Ó wà nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ náà!"

"Tíṣà mi, tó o bá ń sọ̀rọ̀ báyìí, ó ń ṣe mí bíi pé kí èmi náà kọ nǹkan kan. Ohunkóhun."

"Ó dáa, kọ̀ láti lọ sílé."

"Mo ti kọ̀."

Wọn ò sì lọ sílé. Wọ́n rìn dé èbúté, wọ́n rìn padà, wọ́n pín búrẹ́dì kan jẹ lójú ọ̀nà, àwọn tó ń kọjá sì ń wẹ̀yìn wò wọ́n.

Ọjọ́ yẹn ni pẹ́ńtà sọ ti ìyá àgbà rẹ̀ fún un, ìyá tó bí bàbá rẹ̀. Ìlú mìíràn ni wọ́n ti tọ́ pẹ́ńtà dàgbà. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí ojú ìyá náà ò ríran dáadáa mọ́. Ilé kan nítòsí ilé ìtẹ̀wé ni wọ́n ń gbé, àmọ́ kò tọ́ka rẹ̀ fún Afẹsẹ̀rìn. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ń gbà wọlé. Ilẹ̀kùn iwájú wà, àmọ́ ìyá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, kí ẹnikẹ́ni má sì béèrè ìdí.

"Àwọn ìpáǹle kan wà," ni pẹ́ńtà wí. "Sátidé-Sátidé, tí mo bá wà níbi iṣẹ́, wọ́n á wá lu ilẹ̀kùn màmá, gbà, gbà, gbà, wọ́n á sì lọ. Ara màmá á máa gbọ̀n. Ọjọ́ tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ wọ́n!"

"Ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé ni wọ́n," ni Afẹsẹ̀rìn dáhùn, inú ń bí i tọkàntọkàn. "Tó o bá mú wọn, mú wọn wá fún mi ní kíláàsì."

Háà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnu ẹni!

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, pẹ́ńtà gbàyè níbi iṣẹ́. Ó ti mọ ìbẹ̀rẹ̀ Ìrìn Àwọn Tó Kọ̀, kò mọ òpin rẹ̀, ó sì fẹ́ rìn ín dópin. Ó fọ ọ̀dà kúrò létí. Ó sọ fún màmá pé kó wọ aṣọ tó dáa, kó jókòó sí pálọ̀, òun ń mú ìyàwó bọ̀ wá kí i lọ́sàn-án.

Kò sí ọjọ́ tí ìrìn náà dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Nítorí ẹni tó ń wò ó, Afẹsẹ̀rìn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà: níbi ògiri alágbàfọ̀, níbi àtẹ̀gùn tí obìnrin kan ti gun orí àpótí ọṣẹ tó fi sọ fún ẹgbẹ̀rún èèyàn pé "ẹ̀rù ò bà wá mọ́," níbi èbúté tí àwọn aláàárù ti kó ẹrù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé e ń hó yèè. Nígbà tí wọ́n yà sí òpópónà ilé ìtẹ̀wé, pẹ́ńtà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ilé wọn wà níbẹ̀. Ó ti la ẹnu láti sọ pé, "Tíṣà mi, wo ilé wa."

"Ibi tó kẹ́yìn rèé," ni Afẹsẹ̀rìn wí, ó sì dúró níwájú ilẹ̀kùn màmá.

Ẹ̀rín gan mọ́ pẹ́ńtà lẹ́nu.

"Lọ́jọ́ ìwọ́de ńlá," ni obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń ròkè, "ọ̀rọ̀ ti lọ káàkiri pé tí ọlọ́pàá bá lé yín, ẹ sá wọ ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ bá jẹ́ búlúù. Àwọn onílé po búlúù ìfọṣọ mọ́ ọ̀dà, kí ẹni tó ń sá lè mọ̀ pé wọ́n á ṣí fún òun. Ilẹ̀kùn búlúù mẹ́tàdínlógún ló wà ládùúgbò yìí. Mẹ́rìndínlógún ṣí. Èyí nìkan ni kò ṣí! Èèyàn méje sá wá síbí, wọ́n kàn án, wọ́n fọwọ́ lù ú, wọ́n fi àyà tì í, ibí ni ọlọ́pàá ti mú wọn. Nígbà tí wọ́n kó wọn dé kóòtù, búlúù ṣì wà ní àtẹ́lẹwọ́ àwọn méjèèje. Adájọ́ ní, 'Ẹ̀rí nìyẹn.' Ọdún méjì lẹ́wọ̀n! Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún wà lára wọn. Bàbá tó bí mi ni. Ọkùnrin tó nilé yìí kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní búlúù láti fi tàn wọ́n ni. Ilẹ̀kùn Ọ̀dàlẹ̀ là ń pè é. Ẹ wá kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn kanlẹ̀kùn kí wọ́n má dá a lóhùn!"

Gbà! Gbà! Gbà!

Nínú ilé, ẹnì kan wúkọ́. Ikọ́ kékeré ni, ikọ́ àgbà.

"Ẹ dákẹ́ ná," ni pẹ́ńtà wí. "Èèyàn wà nínú ilé yìí."

"Kò sẹ́nì kan níbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti..."

"Ìyá àgbà mi ni. Ó ti wọ aṣọ tó dáa, ó jókòó sí pálọ̀. Mo ní mo ń mú ìyàwó bọ̀."

Gbogbo ọwọ́ tó wà lára ilẹ̀kùn náà bọ́ sílẹ̀. Afẹsẹ̀rìn wo ilẹ̀kùn, ó wo ọkùnrin náà.

"Ìwọ lo ń kan ilẹ̀kùn," ni pẹ́ńtà wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Ìwọ náà sì ni ọmọ ọmọ..." Obìnrin náà ò lè parí rẹ̀.

Pẹ́ńtà yí gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Afẹsẹ̀rìn tú àwọn èèyàn rẹ̀ ká láìdágbére, ó rìn lọ sílé, omi ń dà lójú rẹ̀.

Bàbá rẹ̀, atẹ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì, wà lórí àga lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Bàbá, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́."

"Ṣé lóòótọ́?" Inú bàbá dùn. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Pẹ́ńtà ni."

"Iṣẹ́ gidi. Ọmọ ilé wo?"

Ó sọ fún un. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó ká a, ó tún un nà, ó tún ká a.

"Ìyá mi kú nígbà tí mo wà lẹ́wọ̀n," ló wí níkẹyìn. "Wọn ò jẹ́ n wá sin ín. Mo fẹ́ràn rẹ ju ojú mi lọ, ìwọ náà mọ̀. Àmọ́ ọjọ́ tó o bá wọ ilé yẹn bí ìyàwó, má gba ẹnu ọ̀nà tèmi wọlé mọ́."

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹni tó wà láàárín omi tí kò mọ ibi tí òun ó yà sí. Bàbá kan ṣoṣo ló ní. Irú ọkùnrin yẹn náà, kò rí méjì rẹ̀ rí.

Ní ilé ilẹ̀kùn yẹn, màmá ò sunkún. Ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ṣé obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ níta yẹn náà ni?"

"Òun ni, Màmá. Ẹ máà bínú."

"Ohùn ẹ̀ dùn. Mo máa ń gbọ́ ọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Gbogbo ohun tó ń sọ ló jẹ́ òótọ́, àfi ẹyọ kan. Bàbá àgbà rẹ ò tan ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀kùn ló kọ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìwọ́de ló kùn ún, ojú iṣẹ́ pọ̀, ó pẹ́ kó tó kan tiwa. Òjò rọ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ọlọ́pàá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ó bá sáré tì í pa. Nígbà tí àwọn ọmọ yẹn wá ń kàn án, èmi àti ẹ̀ fà á, a fà á, bàbá rẹ ń ké lẹ́yìn mi. Kò mira. Nígbà tó fi gba ẹ̀yìnkùlé sáré yí dé iwájú, wọ́n ti kó wọn lọ."

"Kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, níwájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Ìwọ, ọ̀gá pẹ́ńtà, tó ń kọ́ gbogbo ayé pé a kì í ti ilẹ̀kùn tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ?' Ojú tì í, ọmọ mi. Kò tún la ẹnu sí i mọ́ títí tó fi kú. Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lẹ́yìn rẹ̀?"

Pẹ́ńtà tẹrí ba. Ọ̀dà tí kò tíì gbẹ. Ó ń yí ọ̀rọ̀ náà po lọ́kàn. Ọ̀dà tí kò tíì gbẹ... Lójijì ló fò dìde, àga ṣubú lẹ́yìn rẹ̀.

"Màmá! Ọwọ́ wọn!"

"Ọwọ́ ta ni?"

Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé, Afẹsẹ̀rìn ń kọ̀wé sójú pátákó nígbà tí ilẹ̀kùn kíláàsì ṣí gbàràgàdà. Ọkùnrin kan tó dé fìlà ìwé ìròyìn ló wọlé, ó ń mí hẹlẹ. Àwọn ọmọ kíláàsì hó gèè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún tíṣà yín." Ó kọjú sí i. "Àwọn méje yẹn, kí ló wà lọ́wọ́ wọn ní kóòtù?"

"Búlúù," ni obìnrin náà wí.

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Wọ́n fọwọ́ lu ilẹ̀..."

Pẹ́ńtà yíjú sí àwọn ọmọ. "Ọ̀dà tó bá ti gbẹ, ṣé ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́?"

"Rárá o!" ni gbogbo kíláàsì dáhùn.

Ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ Afẹsẹ̀rìn.

"Ọ̀dà elépo tí wọ́n da búlúù ìfọṣọ sí, tí òjò tún rọ̀ lé lórí," ni pẹ́ńtà wí. "Tó o bá ti irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ pa, òun àti férémù á lẹ̀ di ọ̀kan. Tíṣà mi, ẹnu rẹ ni ẹ̀rí yìí ti ń jáde láti ọdún mẹ́fà. Ìwọ ò mọ̀ ọ́n, nítorí o kì í ṣe pẹ́ńtà."

"Mo fẹ́ gbà ọ́ gbọ́," ni obìnrin náà wí wẹ́rẹ́. "Ó ń dùn mí bí mo ṣe fẹ́ gbà ọ́ gbọ́ tó. Àmọ́ bàbá mi ò ní gba ọ̀rọ̀ ẹnu."

"Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Tí ẹ bá jáde, wá. Ògiri kì í gbàgbé, ilẹ̀kùn náà kì í gbàgbé."

Ẹ̀yìnkùlé ni Afẹsẹ̀rìn gbà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò tíì jókòó tó fi kúnlẹ̀ níwájú màmá, tó di ọwọ́ ìyá náà mú.

"Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ọdún mẹ́fà. Mi ò mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀."

"Dìde, jàre. Ṣé o mọ ohun tó ń dùn mí jù? Kì í ṣe kíkàn náà. Bẹ́ ẹ ṣe máa ń kàn án tán tẹ́ ẹ sì ń lọ ni. Mo máa ń fẹ́ dáhùn."

Pẹ́ńtà mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ rẹ̀, ó dojú kọ ilẹ̀kùn láti inú. Ó họ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bó èèpo ẹyin. Ọ̀dà búráùn bọ́. Búráùn mìíràn bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Eérú bọ́. Lẹ́yìn náà ni búlúù yọ, ó ń dán bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún.

"Sún mọ́bí. Wo ojú ibi tí ilẹ̀kùn àti férémù ti pàdé."

Obìnrin náà sún mọ́ ọn títí èjìká wọn fi kan ara wọn. Ọ̀dà búlúù náà ti ara ilẹ̀kùn já sí férémù láìgé, ó di ojú àlàfo náà pa pátápátá. Gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti òkè délẹ̀ sì kún fún ojú ọgbẹ́: ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gún un, ó ti gún un káàkiri, inú ilé ló dúró sí tó ń gún un.

"Kà á," ni pẹ́ńtà wí.

"Ìwọ ni kó o kà á. Ojú rẹ ju tèmi lọ."

"A ó jọ kà á."

Wọ́n jọ kà á. Wọ́n dé orí mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ojú ọgbẹ́ tó kẹ́yìn ló jìn jù, irin sì ń dán nínú rẹ̀. Pẹ́ńtà rọra yọ ọ́. Ṣóńṣó ọ̀bẹ bàbá àgbà rẹ̀ ni, tó ti dá sínú igi.

Afẹsẹ̀rìn ò rìn lọ sílé, ó sáré ni. Ó gbé irin náà sórí tábìlì níwájú bàbá rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bàbá yí irin náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Mo gbọ́ ọ," ló wí.

"Ẹ gbọ́ kí ni, Bàbá?"

"Bí a ṣe ń lu ilẹ̀kùn níta, mo ń gbọ́ ìró irin nínú. Kírí, kírí, kírí. Mo rò pé wọ́n ń fi ọ̀pá ìdábùú kún ọ̀pá ìdábùú ni." Ó bo ojú rẹ̀. "Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo fi ń ṣépè fún ẹni tó ń gbìyànjú láti ṣílẹ̀kùn fún mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, Ìrìn Àwọn Tó Kọ̀ ní èèyàn tuntun kan, bàbá arúgbó kan tó ń tẹ̀pá. Àwọn tó gbọ́ ìròyìn wá rẹpẹtẹ. Bàbá rìn gbogbo rẹ̀, kò gbà kí wọ́n gbé òun. Nígbà tí wọ́n dé òpópónà ilé ìtẹ̀wé, gbogbo wọn yí ilẹ̀kùn náà ká. Pẹ́ńtà ti fi ọ̀bẹ la ojú àlàfo náà yí po láàárín ọ̀sẹ̀, ó ti fi epo sí irin tó gbé e dúró, ṣùgbọ́n kò ṣí i. Ó ní kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣí i.

Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, jẹ́jẹ́. Ó sì dúró.

"Ta nìyẹn?" ni ohùn kan bi í nínú ilé.

"Èmi ni, ìyá. Ọ̀kan nínú àwọn méje."

Igi dún. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ilẹ̀kùn náà ṣí díẹ̀, ó há, ó tún ṣí, màmá sì yọ sójú oòrùn nínú aṣọ tó dáa tó wọ̀ lọ́jọ́sí. Ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ bàbá títí tó fi rí i dì mú.

"Ẹ wọlé o," ló wí. "Ẹ ti pẹ́ jù lẹ́nu ọ̀nà."

Bàbá wọlé, ó ń sunkún bí ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Ariwo tó sọ níta lọ́jọ́ náà, ẹ ò ní gbàgbọ́. Àwọn èèyàn ń dì mọ́ ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó sí pálọ̀, wọ́n mu omi nínú ife kan náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ oṣù ẹ̀wọ̀n àti ọdún ìdákẹ́ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tí bàbá jáde, ó na ọ̀pá sí pẹ́ńtà.

"Ìwọ, máa bọ̀. Mo gbọ́ pé o fẹ́ ọmọ mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Kun ilẹ̀kùn yìí padà sí búlúù. Ọjọ́ tí ọ̀dà rẹ̀ bá gbẹ ni kẹ́ ẹ wá sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó fún mi. Tí o bá tún tì í kó tó gbẹ, èmi àti ẹ ni!"

Òun gan-an ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Pẹ́ńtà kùn ún lọ́jọ́ kejì. Afẹsẹ̀rìn ló da búlúù ìfọṣọ sínú ọ̀dà, ó sì dà á jù, bí kì í bá ṣe ọ̀gá níbẹ̀, ọ̀dà ì bá bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dojú korobá méjì dé, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ gbayawu, wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Màmá ń ké sí wọn látinú ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé ṣé ó ti gbẹ. Wọ́n ń dáhùn pé ó kù.

"Tíṣà mi."

"Ọlọ́dà mi."

"Ṣé ó dìgbà tó bá gbẹ kí n tó gbọ́ èsì?"

Obìnrin náà wò ó. Ó dìde, ó lọ síwájú ilẹ̀kùn náà, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ọ̀dà tútù náà tẹ̀ẹ́.

"Yéè! Iṣẹ́ mi!" ni pẹ́ńtà ké.

Obìnrin náà ti padà dé iwájú rẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà, ó tẹ́ ẹ, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ búlúù tirẹ̀ lé e.

"Mo gbà," ló wí. "Ẹ̀rí nìyẹn."

Pẹ́ńtà wo ọwọ́ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀kùn tí ojú ìka márùn-ún wà lára rẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì wà nítòsí, ìṣẹ́jú kan péré ló máa gbà á láti kun ibẹ̀ padà. Kò kùn ún.

Ilẹ̀kùn náà gbẹ lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n sì gba ibẹ̀ jáde lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, màmá lápá kan, bàbá lápá kejì. Ìrìn Àwọn Tó Kọ̀ ṣì ń parí síbẹ̀ ní Sátidé. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn, wọ́n á dúró, màmá á sì wá ṣí i.